Nígbà Tí Awò Ojú Kò Bá Tó Mọ́: Ọ̀rọ̀ Lẹ́ǹsì Líle fún Ojú Tó Yọ Ṣóńṣó

  

Ọ̀rọ̀ ojú la gbé dé lóṣù yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àgbà tí kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ìyẹn, gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n. Ti àwọn ọmọ wa ni, àwọn tó wà láàárín ọdún 12 sí 25. Ẹ óò rí ọmọ tí wọ́n ra awò fún lọ́dún tó kọjá, kí ọdún tó yí po, á ní òun ò fi ríran mọ́. Wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀. Oṣù mélòó kan sí i, ẹjọ́ kan náà ni. Tíṣà á ní kò kọ ohun tó wà lójú pátákó bó ṣe wà. Bàbá ẹ̀ á ní ọ̀lẹ ni. Ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Owó ń lọ, ojú ò dáa.

Nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ pé àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní keratoconus ló ń dà wọ́n láàmú. Tó bá ti le, awò lásán kì í tó o. Lẹ́ǹsì kékeré kan wà, líle, tí wọ́n ń fi lé orí ẹyinjú gan-an, tó lè mú kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà máa kàwé. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì yìí kì í ṣe ọjà tí à ń nawọ́ sí lórí àtẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n sí ojú ẹni tó fẹ́ lò ó, kí wọ́n tún un wọ̀n, kí wọ́n tún un wọ̀n sí i. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n la fẹ́ là yé yín, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún.

KÍ LÓ Ń ṢE OJÚ NÁÀ?

Níwájú dúdú ojú, awọ kan wà tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, débi pé èèyàn ò ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Kọ́níà ni wọ́n ń pè é. Láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì kò ju nǹkan bíi mìlímítà 12 lọ, àárín rẹ̀ sì nípọn tó nǹkan bí ìdajì mìlímítà péré. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹ mú ẹyin adìẹ kan dání: ìdí ẹyin tó rí rogodo ni kọ́níà tó dá ṣáṣá, orí ẹyin tó ṣe ṣóńṣó ni èyí tí keratoconus mú. Awọ náà á máa fẹ́lẹ́ sí i, ibi tó fẹ́lẹ́ á sì máa yọ síwájú díẹ̀díẹ̀.

Kì í ṣe àrùn tuntun rárá. Dókítà ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan, John Nottingham, tó ṣiṣẹ́ ní Liverpool, ti kọ ìwé odindi lé e lórí láti ọdún 1854. Ìgbà tí ọmọ bá ń bàlágà ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì máa pọ̀ sí i fún ọdún bíi mẹ́wàá, ogún, kó tó rọlẹ̀. Ojú méjèèjì ló máa ń mú jù, ṣùgbọ́n ọ̀kan á le ju èkejì. Kì í ràn. Kì í sọ ojú di òkùnkùn biribiri, àmọ́ èèyàn lè má lè kàwé mọ́, kó má lè wakọ̀, kó má sì mọ ẹni tó ń kí i ní òdìkejì títì.

Àmì rẹ̀ ńkọ́? Iná mọ́tò lálẹ́ á máa tàn yẹ́ẹ́, bí ẹni pé ó ní ìrù. Lẹ́tà inú ìwé á ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọ á máa fún ojú pọ̀ kó tó wo nǹkan. Èyí tó yẹ kí ẹ di mú jù ni pé tí ẹ bá ní kó fọwọ́ bo ojú kan, ojú kan yòókù nìkan á ṣì máa rí nǹkan kan ní méjì. Ẹ lè dán ìyẹn wò nílé lálẹ́ òní, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ọmọ tó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ ló ní keratoconus, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ní ti ohun tó fà á, àwọn dókítà ò tíì rí gbòǹgbò ẹ̀ tán. Ó máa ń wà nínú ìdílé mìíràn. Ohun tí ẹnu wọ́n kò lé lórí ni pé fífi ọwọ́ ra ojú kò dára fún un rárá. Ọmọ tí ojú ń yún, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku pọ̀, á fi oríkèé ọwọ́ ra á, á fi ìkúùkù ra á, títí ojú á fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Awọ tó ti fẹ́lẹ́ ò lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Kí ẹ máa pariwo pé "Ìwọ ọmọ yìí, yọwọ́ lójú!" nìkan kò tó, nítorí ẹni tí ojú ń yún kò lè ṣàì ra á. Yíyún náà ni ká tọ́jú. Aṣọ mímọ́ tí a rẹ sínú omi tútù, tí a fi lé ìpéǹpéjú tó dì, máa ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Kí dókítà wá yan òògùn tó kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra òògùn ojú lọ́wọ́ oníkiri. Òògùn kan wà nínú wọn, steroid, tó máa ń pa yíyún kíákíá, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi fẹ́ràn ẹ̀. Tí ọmọ bá ń kán an lọ láìsí ẹni tó ń wò ó, ó lè gbé ìwọ̀n agbára omi inú ojú ga, kó sì ba ojú jẹ́ ní ìbàjẹ́ tí kò ṣeé tún ṣe. Ìtọ̀, omi ọmú, omi ṣúgà, gbogbo ìyẹn náà, ẹ má dà á sójú ọmọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ìyá àwọn lò ó, ojú sì là. Àpólò náà máa ń lọ fúnra ẹ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ AWÒ Ò FI ṢIṢẸ́?

Ẹ wo gíláàsì fèrèsé ilé ìwẹ̀, èyí tí ojú ẹ̀ rí gbágungbàgun kí ará ìta má bàa rí ẹni tó ń wẹ̀. Gíláàsì náà mọ́, síbẹ̀ ẹ ò lè rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ ń fọ́nká lára ẹ̀. Kò sí irú awò tí ẹ fẹ́ fi sójú tí ẹ óò fi ríran kọjá níbẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá da omi sí ojú tó rí gbágungbàgun náà, tí ẹ wá fi gíláàsì tó tẹ́jú bo omi yẹn mọ́lẹ̀, ẹ óò rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

Bí lẹ́ǹsì líle ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Iwájú lẹ́ǹsì dán, ó sì rí rogodo bó ṣe yẹ kí kọ́níà rí. Tó bá ti jókòó, omijé á kún àlàfo tó wà láàárín òun àti ojú. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ á wá bá ibi tó dán pàdé, kò ní í bá ṣóńṣó náà jà mọ́. Lẹ́ǹsì rírọ̀, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi pa àwọ̀ ojú dà lọ sí òde, kì í lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, torí bí ojú bá ṣe rí ni òun náà á ṣe rí, bí aṣọ tó lẹ̀ mọ́ni lára.

Láti ọdún 1888 ni wọ́n ti ń bá a bọ̀. Lọ́dún náà, Adolf Fick, dókítà ará Jámánì tó wà ní Zürich, kọ̀wé nípa lẹ́ǹsì gíláàsì tó ṣe, Eugène Kalt náà sì ń gbìyànjú tirẹ̀ ní Paris fún àwọn tó ní keratoconus. Gíláàsì gidi ni, ńlá, ó ń bo funfun ojú, wákàtí díẹ̀ ni èèyàn lè fi rọ́jú wọ̀ ọ́. Ọdún 1948 ni Kevin Tuohy ní Amẹ́ríkà gbé èyí tí wọ́n fi ike ṣe jáde, kékeré, tí kò bo ju kọ́níà lọ. Ìṣòro ike ìgbà yẹn ni pé kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Kọ́níà ò sì ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan, inú afẹ́fẹ́ tó wà níta ló ti ń mí nípasẹ̀ omijé. Láti bí ọdún 1970 lọ sókè ni ike tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé ti dé, òun ni wọ́n ń lò títí di òní.

BÍ WỌ́N ṢE Ń WỌ̀N ỌN

Ẹ fi ṣe iṣẹ́ télọ̀. Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í fi ojú lásán gé aṣọ, á ta téèpù, á gé e, á ní kí ẹ wá wọ̀ ọ́ wò, á dín in, á tú u. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe lẹ́ǹsì fún ojú tó yọ ṣóńṣó gbọ́dọ̀ ní sùúrù ju télọ̀ lọ, torí kò sí ojú méjì tó yọ bákan náà, àní ọ̀tún àti òsì ẹni kan ṣoṣo.

Wọ́n á kọ́kọ́ wo bí kọ́níà ṣe rí. Ẹ̀rọ kan á tan òrùka ìmọ́lẹ̀ sójú, òrùka nínú òrùka, bí ìgbà tí òkúta bá bọ́ sínú omi. António Plácido, ará Pọ́túgà, ló ti mú pátákó olórùka bẹ́ẹ̀ jáde lọ́dún 1880. Lójú tó dá ṣáṣá, òrùka á rí róbótó. Lójú tó ní àìsàn yìí, òrùka á wọ́, á sì fún pọ̀ níbi ṣóńṣó náà, tó sábà máa ń wà nísàlẹ̀ àárín díẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ òde òní máa ń yà á bí máàpù aláwọ̀ pupa àti búlúù: ibi tó pupa ló yọ jù, ibi tó jẹ́ búlúù ló tẹ́.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa rí nọ́ńbà tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Mìlímítà ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ti ojú tó dá ṣáṣá máa ń wà ní nǹkan bíi 7.8. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ojú ṣe yọ tó: ó lè wá sí 7, ó lè wá sí 6, ó tiẹ̀ lè relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kí ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà yìí sínú káàdì ọmọ yín, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀, torí òun ni wọ́n á fi mọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ bóyá ojú ṣì ń yọ tàbí ó ti dúró.

Nọ́ńbà ẹ̀rọ nìkan ò tó. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n gbọ́dọ̀ ní àpótí lẹ́ǹsì ìdánwò, oríṣiríṣi, tí nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Á mú ọ̀kan, á fi lé ojú ọmọ. Omi á jáde lójú, ọmọ á fẹ́ sá. Ẹ jẹ́ kó jókòó. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí omijé tó rọlẹ̀ kí lẹ́ǹsì sì tó rí ibi jókòó sí. Ẹni tó bá wo lẹ́ǹsì ní kété tó kàn án, tó ní "ó ti bá a mu, ẹ máa lọ", iṣẹ́ ìkánjú ló ṣe.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí aró aláwọ̀ ọsàn wà lẹ́nu rẹ̀ kan ojú. Aró náà kì í ta, á pòórá láìpẹ́. Wọ́n á wá tan iná búlúù sí i. Ibi tí omijé bá kún sí lábẹ́ lẹ́ǹsì á máa dán ní àwọ̀ ewé, ibi tí lẹ́ǹsì bá ti kan ojú á dúdú. Àwòrán tí dókítà bá rí níbẹ̀ ló máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Tí dúdú ńlá bá wà láàárín, lẹ́ǹsì ti tẹ́ jù. Orí ṣóńṣó náà ló ń gbé gbogbo ẹrù, lẹ́ǹsì á sì máa ha á lójoojúmọ́. Nígbà tó bá yá, àpá á wà níbẹ̀, àpá àárín ojú sì nìyẹn, kò sí lẹ́ǹsì tó lè bo àpá mọ́lẹ̀. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé irú lẹ́ǹsì yìí lè mú kí ọmọ ríran kedere lọ́jọ́ tí wọ́n fi sí i. Inú ìyá á dùn, á sanwó, á máa lọ.

Tí omi àwọ̀ ewé bá dúró bí adágún láàárín, tí afẹ́fẹ́ hó sínú ẹ̀, lẹ́ǹsì ti jìn jù. Á lẹ̀ mọ́ ojú, omijé tuntun ò ní í rọ́nà wọlé, ojú á pọ́n, nǹkan á sì máa ṣe bàìbàì.

Èyí tí wọ́n ń wá ni kí lẹ́ǹsì kan orí ṣóńṣó náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ìyẹ́ adìẹ ṣe ń kan ara, kó tún fara ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọ́níà kí ẹrù lè pín, kí omijé sì yí etí rẹ̀ ká. Tí ọmọ bá ṣẹ́jú, kí lẹ́ǹsì gbéra bíi mìlímítà kan sí méjì, kó sì padà sáyè ẹ̀. Lẹ́ǹsì tí kì í mira kò dáa, èyí tó ń sá kiri náà kò dáa.

Ìgbà tí àwòrán yìí bá tó dára ni wọ́n máa ń ní kí ọmọ ka lẹ́tà ara ògiri, kí lẹ́ǹsì ìdánwò ṣì wà lójú ẹ̀, kí wọ́n fi mọ agbára tí lẹ́ǹsì tirẹ̀ máa ní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ ṣe é. Tó bá dé, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọmọ bákan náà. Ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ kó tó jókòó dáadáa. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé dókítà ò mọṣẹ́. Ẹni tó ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ẹni yẹn gan-an ni kí ẹ dì mú.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ á dà bí ìgbà tí iyanrìn wọ ojú. Wákàtí méjì sí mẹ́rin lọ́jọ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fi kún un. Tó bá jẹ́ ìrora gidi, tí ojú pọ́n, tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan wà tí lẹ́ǹsì kékeré yìí kì í gbà lójú wọn, bóyá ṣóńṣó wọn ti pọ̀ jù, bóyá lẹ́ǹsì ń já bọ́. Wọ́n lè fi lẹ́ǹsì rírọ̀ tẹ́lẹ̀ fún wọn kí líle wà lórí ẹ̀. Wọ́n sì lè fún wọn ní èyí tó fẹ̀, tó ń tó mìlímítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní scleral. Funfun ojú ni ìyẹn ń jókòó lé, kì í kan kọ́níà rárá, wọ́n sì máa ń bu omi iyọ̀ tí kò ní kòkòrò, èyí tí dókítà bá yàn, kún inú rẹ̀ kí wọ́n tó fi sójú. Ó wọ́n ju kékeré lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń rọ ojú lọ́rùn ju kékeré lọ, eruku kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rọ́nà wọ abẹ́ ẹ̀.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀ NÍLÉ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa ọlọ́jà rèé. Ọwọ́ tó fọwọ́ kan ata, ẹja, epo, owó, kò gbọ́dọ̀ kan lẹ́ǹsì. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún kó gbẹ. Ìyá tó bá ń ta ata, tí ọmọ ẹ̀ sì ń wọ lẹ́ǹsì, kí ọmọ kọ́ bó ṣe máa fi sí i fúnra ẹ̀, ìyẹn ló dáa jù.

Omi tí dókítà yàn fún lẹ́ǹsì nìkan ni kí ẹ fi pa á mọ́. Kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi inú ọ̀rá, kì í sì í ṣe itọ́. Kòkòrò kan wà nínú omi, Acanthamoeba, tí ojú lásán ò lè rí. Tó bá wọ kọ́níà, ìrora ẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ó sì lè gba oṣù púpọ̀ láti wò ó. Kí ọmọ má fi lẹ́ǹsì wẹ̀, kó má fi sùn. Ẹ máa da omi ana inú ike rẹ̀ nù lójoojúmọ́. Méjì kì í lo ọ̀kan, ì báà jẹ́ ìbejì.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: lẹ́ǹsì kì í wo keratoconus sàn, kì í sì í dá a dúró. Ríran ló ń jẹ́ kí èèyàn ríran. Ìtọ́jú tó ń gbìyànjú láti dá a dúró yàtọ̀. Àwọn dókítà kan ní Dresden ní Jámánì kọ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2003: wọ́n ń kán fítámì B2 sójú, wọ́n á tan irú ìmọ́lẹ̀ kan sí i, kí awọ náà lè le. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2016. Bí ó bá ṣe yá tó ni ó ń ṣàǹfààní tó, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká máa pààrọ̀ awò fún ọdún mẹ́ta ká tó bi dókítà léèrè. Àwọn díẹ̀ tí ojú wọn ti lé àpá, tí lẹ́ǹsì ò ràn wọ́n lọ́wọ́, ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún láti pààrọ̀ kọ́níà, pẹ̀lú èyí tí ẹni tó ti kú fi sílẹ̀.

Bí ojú ọmọ bá sì ṣàdédé funfun tó ń ro ó, tí kò ríran, omi ló ti já wọ inú kọ́níà. Ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.

NÍBO LÓ YẸ KÍ A LỌ?

Ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀ka ojú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe ojú náà. Kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta awò ni wọ́n ti lè wọn lẹ́ǹsì yìí. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ níbikíbi, ẹ bi wọ́n pé: ṣé ẹ ní àpótí lẹ́ǹsì ìdánwò fún keratoconus? Ṣé ẹ óò fi aró àti iná búlúù wò ó lójú ọmọ mi? Tí kò bá bá a mu, ṣé owó tí mo san kan pípààrọ̀ ẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó sì ni? Omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ńkọ́, èló ni lóṣù, ṣé ẹ máa ń ní in nílẹ̀? Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì.